Ẹ má tíì yọ sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn yẹn

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa fi lẹ́tà yìí síbi tí àwọn tó ka ojú ìwé ọkọ̀ yín tó kọjá yóò ti rí i. Ìmọ̀ràn tí ẹ gbà wọ́n níbẹ̀ ni pé bí iná check engine bá tàn, tí síkánà, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ka ohun tí kọ̀ǹpútà ọkọ̀ ń sọ, sì gbé kóòdù P0171 jáde, kí wọ́n lọ ra sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn tuntun, torí pé èyí tó wà níbẹ̀ ti bàjẹ́. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. P0171 kò sọ pé sẹ́ńsọ̀ kankan bàjẹ́. Ohun tó sọ ni pé sẹ́ńsọ̀ ń rí ọ́síjìn tó pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ nínú èéfín, pé kọ̀ǹpútà ọkọ̀, èyí tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní brain box, ti ń bu epo kún epo títí ó fi dé ibi tí wọ́n fún un láyè mọ, síbẹ̀ tí ọ́síjìn náà kò dín. Iṣẹ́ rẹ̀ ni sẹ́ńsọ̀ ń ṣe. Ẹni tó bá yọ ọ́ dànù nítorí ohun tó rí, ẹlẹ́rìí ló lé kúrò ní kóòtù, ẹjọ́ ṣì wà nílẹ̀.

Kí bẹntiróòlù tó lè jó tán láìṣẹ́ epo kù, láìṣẹ́ ọ́síjìn kù, gíráàmù epo kan nílò nǹkan bíi gíráàmù afẹ́fẹ́ 14.7. Bí wọ́n ṣe wúwo tó là ń sọ o, kì í ṣe bí wọ́n ṣe kún inú agolo tó. Bí afẹ́fẹ́ bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ọ́síjìn á ṣẹ́ kù sínú èéfín. Bí epo ló bá pọ̀ jù, ọ́síjìn á fẹ́rẹ̀ẹ́ tán pátá, carbon monoxide àti epo tí kò jó á sì bá èéfín jáde. Lẹ́tà Gíríìkì kan, lambda, ni àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ fi ń pe ìbáramu yìí. Lambda 1 ni ibi tí epo àti afẹ́fẹ́ ti bára mu rẹ́gí. Bó bá jẹ́ 0.9, afẹ́fẹ́ fi 10% dín sí ohun tí epo yẹn nílò; bó bá jẹ́ 1.1, ó fi 10% lé. Catalytic converter tó ń fọ májèlé inú èéfín kò lè fọ gbogbo rẹ̀ pa pọ̀ àfi bí lambda bá rọ̀ mọ́ 1 pẹ́kípẹ́kí. Ohun tó bí sẹ́ńsọ̀ yìí nìyẹn. Bosch ti Jámánì ló ṣe é jáde fún ọkọ̀ títà, Volvo ló sì kọ́kọ́ gbé e wọ ọkọ̀ ní 1976, fún California tí òfin èéfín rẹ̀ le koko.

Lẹ́nu sẹ́ńsọ̀ tó wọ́pọ̀ jù, ohun kan wà tó dà bí ìka ọmọdé, amọ̀ líle tí wọ́n ń pè ní zirconia ni wọ́n fi ṣe é, wọ́n sì fi pìlátínọ́ọ̀mù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bo inú àti òde rẹ̀. Òde rẹ̀ ni èéfín ń fẹ́ lù, inú rẹ̀ sì ń mí afẹ́fẹ́ ìta. Bí zirconia bá ti gbóná kọjá nǹkan bíi 300°C, ọ́síjìn á máa gba inú rẹ̀ kọjá láti ibi tó ti pọ̀ lọ síbi tó ti wọ́n, iná díẹ̀ á sì ti ibẹ̀ jáde. (Ìṣirò iná náà ti wà nílẹ̀ láti ìparí àwọn ọdún 1880, Walther Nernst, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ọmọ Jámánì, ló ṣe é, kò sì ro ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ mọ́ ọn.) Bí epo bá pọ̀ nínú àdàlù, iná yẹn á sún mọ́ 0.9 fóòtì (volt). Bí afẹ́fẹ́ bá pọ̀, á já sí nǹkan bíi 0.1. Níbi lambda 1 gan-an, kì í rọra lọ. Ńṣe ló ń jábọ́ bí ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀ lórí àkàsọ̀. Kọ̀ǹpútà mú 0.45 ní ààlà.

Ẹ kíyè sí i, sẹ́ńsọ̀ irú èyí kò mọ iye. “Ó pọ̀” àti “ó kéré” nìkan ló mọ̀. Bó bá ní epo pọ̀, kọ̀ǹpútà á bu díẹ̀ kúrò. Bó bá ní ó kéré, kọ̀ǹpútà á bu díẹ̀ kún un. Wọ́n á máa ṣe é lọ, wọ́n á máa ṣe é bọ̀, láìsinmi. Nítorí náà, ẹni tó bá rí i tí nọ́ńbà náà ń fò sókè sódò láàárín 0.1 àti 0.9 kó má ṣe rò pé ara rẹ̀ kò yá. Èyí tó dúró sójú kan ló yẹ kó kọ ni lóminú.

Ohun tó yẹ kí gbogbo ẹni tó ń di síkánà mú fi sọ́kàn ni pé ọ́síjìn ni sẹ́ńsọ̀ yìí ń rí, kò rí epo. Ẹ wo sìlíńdà tí púlọ́ọ̀gì rẹ̀ kọ̀ tí kò dáná. Lóòótọ́, epo inú rẹ̀ kò jó, ṣùgbọ́n ọ́síjìn inú rẹ̀ náà kò jó. Gbogbo rẹ̀ á dà gììrì sínú páìpù èéfín, sẹ́ńsọ̀ á ké pé afẹ́fẹ́ pọ̀ jù, kọ̀ǹpútà á gbà á gbọ́, á sì fi epo kún ti gbogbo sìlíńdà yòókù tí kò ṣẹ̀. Ọkọ̀ á wá máa rùn fún epo, á máa mu epo bí ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ, síkánà á sì tún máa sọ pé epo kò tó. Ẹni tí kò mọ̀ á ní ọ̀kan nínú wọn ń purọ́. Kò sí èyí tó purọ́ níbẹ̀. Bí kóòdù àìdáná, P0300 sí P0308, bá bá P0171 rìn, ẹ kọ́kọ́ yanjú ti àìdáná, kí ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan mìíràn.

Ihò lára páìpù èéfín, ṣáájú ibi tí sẹ́ńsọ̀ wà, tún lè ṣe irú rẹ̀. Ó lè jẹ́ gásíkẹ́ẹ̀tì mánífóòdù èéfín, irin tó ń kó èéfín jáde láti inú sìlíńdà, tó jó tàbí irin tó sán. Ọ̀pọ̀ ló rò pé èéfín nìkan ló ń gba irú ihò bẹ́ẹ̀ jáde, pé kò sí bí afẹ́fẹ́ ìta ṣe lè gba ibẹ̀ wọlé. Ṣùgbọ́n èéfín kì í ṣàn bí omi ẹ̀rọ. Ìgbì ni, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, bí sìlíńdà ṣe ń tì í jáde, àlàfo tó wà lẹ́yìn ìgbì kọ̀ọ̀kan a sì máa fa afẹ́fẹ́ ìta wọlé. Sẹ́ńsọ̀ kò lè mọ ọ́síjìn tó ti inú ẹ́ńjìnnì wá yàtọ̀ sí èyí tó gba ojú ihò wọlé. Àárọ̀ tí ẹ́ńjìnnì ṣì tutù ni kí ẹ dẹtí sí i: á máa dún tí-tí-tí, bó bá sì gbóná, irin á wú, á dí ihò náà, ariwo á dákẹ́. Ẹ tún wo ojú ìsopọ̀ bóyá èédú dúdú lẹ̀ mọ́ ọn. Ibi tó bá dúdú ló ń jò.

Ó láwọn ìgbà kan tí kọ̀ǹpútà kì í tiẹ̀ fetí sí sẹ́ńsọ̀: nígbà tí ẹ́ńjìnnì ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde tó tutù, nígbà tí ẹsẹ̀ bá tẹ tọ́tù dé ilẹ̀ pátápátá, àti nígbà tí awakọ̀ bá gbé ẹsẹ̀ kúrò tí ọkọ̀ ń yí lọ fúnra rẹ̀ tí epo ti gé. Nígbà tí epo bá gé báyìí, sẹ́ńsọ̀ á fi hàn pé afẹ́fẹ́ nìkan ló wà níbẹ̀, òótọ́ sì ni. Ẹ má fi ẹ̀sùn kàn án.

Ibi tí iṣẹ́ wà gan-an ni nọ́ńbà tí síkánà ń pè ní fuel trim. Méjì ni. Èyí tí wọ́n kọ short term sí ni ohun tí kọ̀ǹpútà ń ṣe lọ́wọ́ báyìí láti tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ sẹ́ńsọ̀. Long term ni èyí tó ti di àṣà fún un, tó ti fi pamọ́ sínú ìrántí rẹ̀. Ẹ ro méjèèjì pọ̀. Bí àpapọ̀ bá jẹ́ +12%, epo ni kọ̀ǹpútà ń fi kún. Bó bá jẹ́ −12%, epo ló ń yọ kúrò. Èyí tí kò ju 5% lọ sókè tàbí sísàlẹ̀, ẹ fi sílẹ̀. Tó bá ti kọjá 10%, ó yẹ kí èèyàn wádìí. Lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀, ó di nǹkan bíi 25% kí kóòdù tó jáde, èyí tó túmọ̀ sí pé wàhálà náà ti pẹ́ nílẹ̀ kí iná tó tàn.

Ẹ má ka nọ́ńbà yìí lójú kan ṣoṣo, torí ìyàtọ̀ tó wà láàárín ibì kan sí ibòmíì ló ń tú àṣírí. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì gbóná dáadáa. Ẹ kà á nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́ lójú kan láìtẹ tọ́tù, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ gbé e dé yíyí 2,500 ní ìṣẹ́jú kan, ẹ mú un dúró níbẹ̀ fún ìdajì ìṣẹ́jú, ẹ tún kọ ọ́. Lẹ́yìn náà, kí ẹnìkan wa ọkọ̀ gun òkè tàbí kó fi agbára sáré díẹ̀, kí ẹlòmíràn jókòó ti síkánà. Kí awakọ̀ má dá méjèèjì ṣe.

Ká ní +22% ló wà nígbà tí ẹ́ńjìnnì dúró lójú kan, tó wá lọ sílẹ̀ sí +4% ní 2,500. Afẹ́fẹ́ kan ń gba ẹ̀yìn wọlé tí sẹ́ńsọ̀ MAF, èyí tó ń wọn afẹ́fẹ́ tó ń wọ ẹ́ńjìnnì, kò rí i. Ìdí tó fi ń dín kù ni pé ihò kò tóbi sí i bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń sáré, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ tó ń gba ojú ọ̀nà wọlé ti di ìlọ́po mélòó kan, ti ojú ihò wá di ẹ̀kán omi nínú òkun. Ẹ wo họ́ọ̀sì rọ́bà tó so fílítà afẹ́fẹ́ pọ̀ mọ́ tọ́tù. Ẹ tẹ̀ ẹ́ kọ́rọ́, torí inú ìṣẹ́po rẹ̀ ló máa ń ti sán níbi tí ojú kò tó. Ẹ wo fáàfù PCV, èyí tó ń dá òórùn ọ́ìlì inú ẹ́ńjìnnì padà sójú ọ̀nà afẹ́fẹ́, àti họ́ọ̀sì rẹ̀, họ́ọ̀sì tó lọ sí ẹ̀rọ tó ń ran bíréèkì lọ́wọ́, àti gásíkẹ́ẹ̀tì tó wà lábẹ́ mánífóòdù tó ń pín afẹ́fẹ́ sí sìlíńdà. Èéfín tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ fẹ́ sínú rẹ̀ ló dára jù láti fi wá ihò náà. Àwọn kan máa ń fín òògùn tí wọ́n fi ń fọ kábúrétọ̀ sí i láti gbọ́ bóyá ohùn ẹ́ńjìnnì á yí padà. Ó ń ṣiṣẹ́, àmọ́ òògùn yẹn a máa gbiná, páìpù èéfín tó gbóná sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀. Ẹ fi sọ́kàn pẹ̀lú pé ọkọ̀ tí kò ní MAF, tó jẹ́ ìfúnpá inú mánífóòdù afẹ́fẹ́ yìí ló fi ń ṣírò, kì í sábà ṣe báyìí: ìfúnpá á ga sí i, kọ̀ǹpútà á ka afẹ́fẹ́ tó jò mọ́ ọn, ẹ́ńjìnnì á kàn máa sáré ju bó ṣe yẹ lọ níbi tó dúró sí.

Bó bá wá jẹ́ pé nọ́ńbà dára níbi ìdúró, tó sì ń gòkè bí ẹrù ṣe ń wúwo sí i, ẹ gbàgbé ọ̀rọ̀ ihò. Yálà epo kò dé tó, tàbí MAF ń ka afẹ́fẹ́ kéré. Páńpù epo tó ti rẹ̀, fílítà tó dí, nọ́sù (injector) tó ń fín epo tó ti dọ̀tí: gbogbo wọn lè pèsè èyí tó tó nígbà tí kò sí iṣẹ́, kí wọ́n sì já ni kulẹ̀ lórí òkè. Gẹ́ẹ̀jì ìfúnpá epo ló ń pín wọn níyà, ẹ sì gbọ́dọ̀ kà á nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ agbára; ìfúnpá tó pé nígbà ìdúró kò jẹ́rìí sí nǹkan kan. Ní ti MAF, ẹ́ńjìnnì tó gbóná tó dúró lójú kan sábà máa ń fa nǹkan bíi gíráàmù afẹ́fẹ́ kan ní ìṣẹ́jú-àáyá kan fún lítà kọ̀ọ̀kan tó jẹ́. Ẹ́ńjìnnì lítà 2, nǹkan bíi gíráàmù 2. Èyí tó bá kéré sí i gan-an, ẹ fi òògùn MAF fúnra rẹ̀ fọ̀ ọ́, ẹ jẹ́ kó gbẹ kí ẹ tó tan iná sí i, ẹ má sì fi aṣọ tàbí ìka kan wáyà inú rẹ̀.

Bí epo bá sì jẹ́ èyí tó ní ethanol nínú, nọ́ńbà á gòkè díẹ̀ níbi gbogbo láìsí àìsàn kankan, nítorí epo tó ní ethanol 10% nílò afẹ́fẹ́ bíi 14.1 péré fún gíráàmù kan.

Ti òdìkejì, níbi tí kọ̀ǹpútà ti ń yọ epo kúrò, ẹ wá nọ́sù tó ń jò, fáàfù tó ń fa òórùn epo láti inú táǹkì tí kò pa dé mọ́, tàbí réggúlétọ̀ ìfúnpá epo tí awọ inú rẹ̀ ti ya. Ẹ yọ họ́ọ̀sì kékeré tó wà lórí réggúlétọ̀ náà: bí bẹntiróòlù bá wà nínú rẹ̀, ẹ ti mú ọ̀daràn. Ẹ tún gbóòórùn ọ̀pá tí wọ́n fi ń wo ọ́ìlì. Ọ́ìlì tí bẹntiróòlù ti dà mọ́ á máa mí òórùn epo sínú ẹ́ńjìnnì láti ẹ̀yìn, a ti rí ibi tó jẹ́ pé pípààrọ̀ ọ́ìlì nìkan ló dá nọ́ńbà padà sípò.

Lára ẹ́ńjìnnì onísìlíńdà mẹ́fà tàbí mẹ́jọ tó ní ẹ̀gbẹ́ méjì, ẹ ṣàkíyèsí bóyá P0171 nìkan ló jáde tàbí òun àti P0174. Ẹ̀gbẹ́ tí sìlíńdà kìíní wà ni ti P0171, ẹ̀gbẹ́ kejì ni ti P0174. Bí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì bá ké pọ̀, ohun tí wọ́n jọ ń lò ni kí ẹ wò, bíi MAF tàbí páńpù. Sẹ́ńsọ̀ méjì kì í sábà kú ní ọjọ́ kan náà.

Lẹ́yìn gbogbo èyí ni a tó lè bi sẹ́ńsọ̀ fúnra rẹ̀ léèrè ọ̀rọ̀. Àwọn kóòdù kan wà tó ń tọ́ka sí òun gan-an: P0135 ń sọ pé iná hítà rẹ̀, ohun tó ń tètè mú zirconia gbóná, kò pé, P0133 ń sọ pé ó ti lọ́ra. Bí P0135 bá jáde, ẹ lọ wo fíúsì ná. Fíúsì kan lè bọ́ hítà gbogbo sẹ́ńsọ̀ ọkọ̀, bó bá sì jó, kóòdù mẹ́rin lè jáde lẹ́ẹ̀kan náà, ẹni tí kò wò ó á ra sẹ́ńsọ̀ mẹ́rin. Bí fíúsì bá dára, ẹ tú kónẹ́tọ̀, ẹ fi mítà wọn hítà náà nígbà tó tutù. Lára ọ̀pọ̀ oníwáyà mẹ́rin, ó máa ń wà láàárín òómù 3 sí 15. Ìwé ọkọ̀ ló ń sọ èyí tó jẹ́ tirẹ̀. Bí mítà kò bá ka nǹkan kan, hítà ti já. Ẹ má ṣe fi mítà wọn òómù wáyà àmì rẹ̀, èyí tó ń gbé ọ̀rọ̀ sẹ́ńsọ̀ lọ bá kọ̀ǹpútà, láé, torí iná tí mítà ń tì jáde lè ba zirconia jẹ́.

Àwọ̀ wáyà ti kó ọ̀pọ̀ èèyàn sí wàhálà. Lára ọ̀pọ̀ sẹ́ńsọ̀ Bosch oníwáyà mẹ́rin, funfun méjì ni ti hítà, dúdú ni àmì, aláwọ̀ eérú sì ni ilẹ̀ (ground). Lára ọ̀pọ̀ Denso, dúdú méjì ni hítà, búlúù ni àmì, funfun ni ilẹ̀. Ẹ wò ó: dúdú tó jẹ́ àmì níbì kan ló jẹ́ hítà níbòmíì. Ẹni tó so wọ́n pọ̀ ní àwọ̀ sí àwọ̀ ti fi iná bátìrì lu ẹnu ọ̀nà kọ̀ǹpútà.

Láti dán àmì wò, ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì gbóná, ẹ má tú kónẹ́tọ̀, ẹ ti ẹ̀yìn rẹ̀ fi abẹ́rẹ́ mítà kan wáyà àmì, kí ẹ sì mú ẹ́ńjìnnì dúró ní 2,500. Ó yẹ kí ó máa lọ máa bọ̀ kọjá 0.45. Ẹ wá fipá mú un: ẹ jẹ́ kí gáàsì propane díẹ̀ gba ẹnu fílítà afẹ́fẹ́ wọlé, ó gbọ́dọ̀ fò kọjá 0.8 kíá. Ẹ gé gáàsì, ẹ yọ họ́ọ̀sì kékeré kan lára mánífóòdù, ó gbọ́dọ̀ já sísàlẹ̀ 0.2 kíá. Èyí tó bá ṣe bẹ́ẹ̀, àmì rẹ̀ kò ní àìsàn. Èyí tó lọ́ra, tó ń rọra gòkè bí ẹni ń gbé omi, ti darúgbó, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ojú mítà kò yá tó láti rí fífò tó dára, tí kì í tó ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú-àáyá. Àwòrán onílà orí síkánà tàbí oscilloscope ló lè fi í hàn. Àwọn sẹ́ńsọ̀ titania tí kì í ṣe iná jáde, tó jẹ́ òómù wọn ló ń yí padà, kò wọ inú àyẹ̀wò yìí, wọn kò sì ṣe é fi rọ́pò ti zirconia.

Gbogbo èyí tí a ti sọ nípa fóòtì àmì, ti sẹ́ńsọ̀ àtijọ́ ni. Lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó jáde láwọn ọdún àìpẹ́ yìí, èyí tó wà níwájú ti di wideband, ẹni tó bá ń wá 0.1 sí 0.9 lára rẹ̀ kò ní rí i. Yàrá kékeré kan wà nínú rẹ̀ tí èéfín ń wọ̀. Ẹ̀yà kan ń wo ọ́síjìn inú yàrá yẹn, èkejì sì ń fa ọ́síjìn jáde tàbí kó o wọlé títí yàrá náà á fi wà ní lambda 1. Iye iná tó ná lórí fífà yẹn ló ń sọ iye: òdo ni lambda 1, ó máa ń wà lókè òdo bí afẹ́fẹ́ bá pọ̀, á lọ sísàlẹ̀ òdo bí epo bá pọ̀. Òun ló mọ iye ní tòótọ́. Síkánà ni kí ẹ fi kà á. Bosch LSU 4.9 tó wọ́pọ̀ nínú gẹ́ẹ̀jì àwọn tó ń ṣètò ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ ní nǹkan bíi 780°C. Wáyà márùn-ún ló jáde lára rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ mẹ́fà ni kónẹ́tọ̀ rẹ̀ ní, torí rẹ̀sísítọ̀ kan wà nínú kónẹ́tọ̀ tí wọ́n gé ní ilé iṣẹ́ láti bá sẹ́ńsọ̀ kan náà yẹn mu. Ẹni tó gé kónẹ́tọ̀ yẹn dànù tó fi ti òmíràn rọ́pò ti sọ òṣùwọ̀n rẹ̀ nù.

Ẹni tó bá ń de gẹ́ẹ̀jì wideband mọ́ ọkọ̀ kó ri i lẹ́yìn tọ́bò bí ọkọ̀ bá ní i, ṣùgbọ́n ṣáájú catalytic converter. Kí ẹnu rẹ̀ dorí kodò, kí ìdí rẹ̀ sì fi ó kéré tán ìwọ̀n 10 ga ju ìbú lọ, kí omi tó ń sun nínú páìpù má bàa gbárajọ sí i. Ẹ̀kán omi kan lórí amọ̀ tó gbóná tó bẹ́ẹ̀ ti tó láti là á, ìdí sì nìyẹn tí a kì í fi tan hítà rẹ̀ pátá kí ẹ́ńjìnnì tó dìde. Bẹ́ẹ̀ náà ni kò dára kó wà nínú páìpù nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ tí kò sí iná lára rẹ̀. Èédú á lẹ̀ mọ́ ọn. Bí gẹ́ẹ̀jì bá ń fi 0 sí 5 fóòtì ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà fún gíráàmù afẹ́fẹ́ 10 sí 20 sí gíráàmù epo kan, ìyàtọ̀ 0.1 fóòtì péré láàárín ilẹ̀ méjèèjì jẹ́ àṣìṣe 0.2, torí náà ibi kan náà ni kí ẹ de ilẹ̀ wọn mọ́. Ẹ sì kà á ní lambda. Gẹ́ẹ̀jì tí wọ́n ṣètò fún bẹntiróòlù á máa kọ 14.7 síta ní lambda 1 bó tilẹ̀ jẹ́ ethanol tó nílò 9 péré ló wà nínú táǹkì, torí ńṣe ló kàn ń fi 14.7 sọ lambda di púpọ̀. Fún bẹntiróòlù, nígbà tí tọ́tù bá ṣí dé òpin, láàárín 0.85 sí 0.90 ni ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì ti ń fi agbára hàn láìjó písítìn.

Ohun tó ń pa sẹ́ńsọ̀ gan-an, ara ẹ́ńjìnnì ló ti sábà máa ń wá. Gọ́ọ̀mù sílíkónì tí kò ní àmì pé ó bá sẹ́ńsọ̀ lára mu: òórùn rẹ̀ á gba PCV wọlé, á jó, á di ìyẹ̀fun funfun lẹ́nu rẹ̀. Ọ́ìlì tó ń jó a máa fi phosphorus rẹ̀ bò ó. Omi rédíétọ̀ tó ń gba gásíkẹ́ẹ̀tì orí ẹ́ńjìnnì wọlé náà ń bò ó. Òjé inú epo ń pa á pátápátá. Èédú dúdú láti ara epo tó pọ̀ ju kì í pa á, á jó kúrò bí ẹ bá tún ohun tó fà á ṣe. Fífi bẹntiróòlù tàbí tínà fọ sẹ́ńsọ̀, tàbí fífi iná jó o, kò jí òkú rẹ̀ dìde. Ẹni tó bá rí ìyẹ̀fun funfun lẹ́nu èyí àtijọ́, tó kàn de tuntun síbẹ̀ láìwá ohun tó fà á, tuntun náà á kú.

Sípánà 22 onílà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ni wọ́n fi ń yọ ọ́, ẹ jẹ́ kí páìpù lọ́wọ́ọ́wọ́ díẹ̀ kí ojú ríri rẹ̀ má bàa bó wá. Òògùn tí kì í jẹ́ kí irin gán, ojú ríri nìkan ni kí ẹ fi sí, kó má kan ẹnu. Tuntun sábà máa ń ní tirẹ̀ lára tẹ́lẹ̀. Fún ojú ríri M18, nǹkan bíi 40 sí 50 newton-mita ti tó. Èyí tó bá já bọ́ sórí sìmẹ́ǹtì, ẹ má lò ó mọ́, bí ara rẹ̀ tilẹ̀ ń dán. Ẹ má jó wáyà rẹ̀ pọ̀ pẹ̀lú lẹ́ẹ̀dì, ẹ má fi gíríìsì kún kónẹ́tọ̀ rẹ̀: lára ọ̀pọ̀ wọn, àárín wáyà ni afẹ́fẹ́ ìta tó ń mí ti ń wọlé, bí ẹ bá sì dí i, ẹ ti fún un lọ́rùn. Ìdè tí wọ́n ń fún pọ̀ ni kí ẹ lò.

Èyí tó wà lẹ́yìn catalytic converter, iṣẹ́ ọ̀tọ̀ ni tirẹ̀. Lára ọkọ̀ tó pé, ó yẹ kó dúró jẹ́ẹ́ ní nǹkan bíi 0.6 sí 0.7, torí converter ti gba ọ́síjìn tó ń lọ tó ń bọ̀ pamọ́. Bó bá bẹ̀rẹ̀ sí í fò sókè sódò bíi ti iwájú, P0420, kóòdù tó ń sọ pé converter kò ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́, á jáde. Àwọn kan á wá fi irin kékeré fa á jìnnà sí èéfín kó má bàa rí nǹkan. Kóòdù á lọ, màjèlé á ṣì máa jáde, ohun tó pa converter náà, àìdáná tàbí epo tó pọ̀ jù, á sì wà níbẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Olóòtú, ohun kan tí a ń bẹ̀ yín fún ni èyí. Nígbà tí kóòdù bá jáde, kọ̀ǹpútà a máa ya àwòrán ìṣẹ́jú yẹn pamọ́, freeze frame ni síkánà ń pè é: eré ọkọ̀, ẹrù ẹ́ńjìnnì, ooru omi, àti fuel trim. Bí wọ́n bá ti pa kóòdù rẹ́, àwòrán náà á parẹ́ pẹ̀lú rẹ̀. Kí ẹ tó dáhùn ìbéèrè ẹnikẹ́ni lórí ojú ìwé yín, ẹ ní kó fi àwòrán yẹn ránṣẹ́, kó sì fi fuel trim ibi mẹ́ta tí a dárúkọ kún un: ojú kan, 2,500, àti orí òkè. Pẹ̀lú àwòrán àti nọ́ńbà mẹ́ta yẹn lọ́wọ́, ẹ lè sọ fún un bóyá họ́ọ̀sì, páńpù tàbí sẹ́ńsọ̀ ni kó lọ rà.

Tiyín nítòótọ́,
Àwa mẹkáníìkì tó ń ka ìwé ìròyìn yín